Etí Òkun Ìjẹ̀bú àti Àwọn Tí Wọ́n Fọwọ́ Sí Ìwé Rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Awùjalẹ̀, ilé ọmọ Alárẹ̀, ibi tí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń wọ́ tọ̀ wá lọ́dọọdún, kò dúró sí etí omi kankan tí ọkọ̀ ńlá lè gbà; ní ayé àtijọ́, ẹni tí yóò bá ti ibẹ̀ rí ọ̀sà ní láti fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá dé Ẹ̀pẹ́ tàbí Èjìnrìn, ẹni tí yóò bá sì rí òkun gan-an ní láti tún wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà kí ó tó gbúròó ìgbì. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ìdí tí ìlú yìí fi lówó, tí ó fi lágbára, tí ó fi lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì lójú láti ìran dé ìran, tí ogun òyìnbó sì fi wá ká a mọ́lé ní 1892, orí omi ni a óò ti rí i. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò pé orílẹ̀-èdè báyìí ń bá ìkejì rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ erékùṣù àti ìsàlẹ̀ òkun, pé ọkọ̀ ogun ń dojú kọ ọkọ̀ ogun nínú òkun Ṣáínà, ń rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà tiwa, ìwé tí àwọn ènìyàn sì fọwọ́ sí nígbà náà kò tíì gbó tán títí di òní.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508 ni atukọ̀ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ń kọ ìwé nípa etí òkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí ó sì kọ ọ́ dé ẹnu odò tí ó wọ ọ̀sà Èkó, ó sọ pé ìlú ńlá kan wà nínú lọ́hùn-ún tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà gíga yí i ká, ó sì ní Agusale ni orúkọ ẹni tí ń jọba níbẹ̀ ní àkókò tòun. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ ni ó ń wí? Yàrà tí ó sọ yìí ni Eredò tí àwọn ènìyàn so mọ́ orúkọ Sùǹgbọ́, tí gígùn rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà 160. Ọjà tí wọ́n ń ná nígbà náà, kò yẹ kí a fi pamọ́: eyín erin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ṣíwájú, tí wọ́n ń fi idẹ rà. Ọlá tí omi kó bá Ìjẹ̀bú, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹni tí yóò bá sọ ìtàn yìí tinútinú kò gbọdọ̀ fò ó.

Báwo wá ni Ìjẹ̀bú ṣe ń ni omi? Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo èdè-àìyedè ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí Awùjalẹ̀ kan tí ó fa ìlà sí orí omi rí. Ọ̀sà jẹ́ ọ̀nà gbogbo ayé. Ìlàjẹ ń gbà á, Àwórì ń gbà á, ọkọ̀ ogun Ọba Èkó ń gbà á, Ọba Bìní tí Èkó ń sìn sì ń nawọ́ agbára rẹ̀ dé ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí Ìjẹ̀bú dì mú ni ibi tí omi ti pàdé ilẹ̀. Èbúté ni tirẹ̀, ọjà etí èbúté ni tirẹ̀, bodè tí ó wà lójú ọ̀nà láti èbúté dé ìgbèríko ni tirẹ̀. Ará Èkó tí ó bá ru iyọ̀, aṣọ, ọtí àti ìbọn wá kò gbọdọ̀ kọjá Èjìnrìn. Ará òkè tí ó bá ru epo àti èkùrọ́ bọ̀ láti Ìbàdàn kò gbọdọ̀ dé etí omi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yóò dúró láàárín, tí yóò gba ti ọwọ́ ọ̀tún tí yóò sì gba ti ọwọ́ òsì, oníbodè yóò sì gba owó bodè lórí méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlú, Òṣùgbó, Pámpá, àti Pàràkòyí tí ọ̀rọ̀ òwò wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá ṣí gbayawu ni ọlá ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Nítorí náà, bí òyìnbó bá bi wọ́n pé ta ni ó ni ọ̀sà, ìbéèrè náà kò nítumọ̀ létí wọn. Bí ó bá bi wọ́n pé ta ni ó ni Ẹ̀pẹ́, wọn yóò dáhùn kí ó tó pa ẹnu dé.

Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ọ́. Èkó ni ogiri ti kọ́kọ́ lanu. Ìjà oyè tí ó wà láàárín Akítóyè àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kòsọ́kọ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, èyí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò epo wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ní òpin oṣù Ọ̀pẹ 1851, ọkọ̀ ogun wọn fi àgbá wó Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́, Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn ìjòyè àti jagunjagun rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ó sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Awùjalẹ̀ ni ó gbà á láyè kí ó jókòó. Láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti di ìlú oríṣi ọmọ méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá nílẹ̀ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní.

Kòsọ́kọ́ kì í ṣe ẹni tí í jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Bí ó ti dé Ẹ̀pẹ́ ni ó ti rí i pé àwọn tí wọ́n lé òun kúrò ní Èkó gba ẹnu omi kan péré lọ́wọ́ òun, pé lẹ́yìn ọ̀sà, ní etí òkun gan-an, ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí wà ní Palma àti Lẹ́kì, tí ẹrù lè ti ibẹ̀ wọ ọ̀sà láì fojú kan Èkó. Ó gba ibẹ̀, ó ń ná ọjà níbẹ̀, ó sì ń yọ Èkó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí Kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, fi wá bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1854 ni wọ́n ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní bá Èkó jà mọ́, pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n kó ẹrú kọjá lọ́dọ̀ òun, Kọ́ńsù náà sì gbà pé Palma jẹ́ èbúté Kòsọ́kọ́ tí ó ti lè máa gba owó lórí ẹrù. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè tó bá a sá kúrò ní Èkó ni wọ́n tẹ̀ka sí ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí a fún ní yàrá kan kí ó fi orí pamọ́ sí ni ó jókòó lórí ẹní, tí ó bá ẹni tí ó lé e kúrò nílé rẹ̀ dá májẹ̀mú lórí ẹnu ọ̀nà onílé. Èmi kò ka Kòsọ́kọ́ sí ọ̀dàlẹ̀. Ọba tí a lé nílùú a máa wá ohun tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró, àwọn ará Ìjẹ̀bú náà sì jèrè nínú òwò tí ó kó wá. Ṣùgbọ́n òyìnbó mọ ohun tí òun ń ṣe. Lójú tirẹ̀, etí òkun tí kò bá sí ìwé lórí rẹ̀ kò ní olúwa, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ni olúwa rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Palma àti Lẹ́kì ti ní olúwa nínú àpótí ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, olúwa ọ̀hún kì í sì í ṣe Awùjalẹ̀.

Èso igi náà kò pẹ́ kí ó tó pọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Prometheus tí ó dúró tì wọ́n, Dòsùmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wálé, òun àti Òṣòdì Tápà ìjòyè rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn. Nígbà tí ó di oṣù Èrèlé 1863, Kòsọ́kọ́ tí ó ti ń gbé lábẹ́ ìjọba Èkó nísinsìnyí fọwọ́ sí ìwé mìíràn pé òun fi Palma àti Lẹ́kì fún ìjọba náà. Pósù, tí ó kù sí Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun lọ bá Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n yìnbọn lù ú, tí wọ́n sì dáná sun ún, títí tí Pósù fi gbà. Báyìí ni etí òkun tí ó wà níwájú Ìjẹ̀bú ṣe bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Èkó, láàárín ẹni méjì tí ọ̀kankan nínú wọn kò jẹ́ Awùjalẹ̀. Ohun tí ìjọba Èkó ń wá níbẹ̀ kò fara sin: owó ibodè orí ọtí àti àwọn ọjà mìíràn ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, bí ẹrù bá sì ń gba Palma wọlé láì san nǹkan, àpò ìjọba yóò lu.

Nítorí àpò yìí kan náà ni Jámánì ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ ní 1885. Ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser ti ìlú Hamburg ti ń ta ọtí, tí ó sì ń ra epo àti èkùrọ́ ní Èkó fún ìgbà pípẹ́, owó ibodè tí ó ń san fún Gẹ̀ẹ́sì sì ń dùn ún dé egungun. Ó wo ìlà-oòrùn, ó kọjá Lẹ́kì, ó kọjá etí omi Ìjẹ̀bú, ó dé ọ̀dọ̀ Amapetu, ọba Máhìn, níbi tí ilẹ̀ Ìlàjẹ gbé na ara sí etí òkun. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní èbúté tirẹ̀ níbẹ̀, ọtí Jámánì yóò gba ibẹ̀ wọ inú ọ̀sà, yóò gba ọ̀sà dé ọjà Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, kọ́bọ̀ kan kò sì ní wọ àpótí Gómìnà Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹẹrẹ 1885, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, Eugen Fischer, gba ìwé lọ́wọ́ Amapetu lórí etí òkun Máhìn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, Gustav Nachtigal, ẹni tí ó ti ta àsíá Jámánì sí Tógò àti Kamẹrúùnù ní ọdún tí ó ṣáájú, wá, ó sì fọwọ́ sí ìwé ààbò pẹ̀lú Amapetu.

Àwọn ará Èkó gbọ́, ara wọn bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí olùkàwé rántí pé lákòókò tí Fischer ń gba ìwé yìí gan-an ni àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Berlin, láti oṣù Bélú 1884 títí di ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé 1885, tí wọ́n ń ṣe òfin bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ Áfíríkà láìsí Áfíríkà níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nípa etí òkun kò gùn: ẹnikẹ́ni tí ó bá gba etí òkun tuntun gbọ́dọ̀ fi tó àwọn yòókù létí, kí wọ́n lè sọ bí wọ́n bá ní nǹkan sọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi àṣẹ ìjọba hàn níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, etí òkun tí ó dákẹ́, tí kò sí àsíá lórí rẹ̀, di ohun tí ó léwu fún ẹni tí ó ni ín. Gẹ̀ẹ́sì sáré. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣojú ìjọba Èkó ti ń lọ láti etí omi dé etí omi ní ìlà-oòrùn Lẹ́kì, wọ́n ń gba ìwé, wọ́n ń ri òpó àsíá mọ́lẹ̀. Jámánì kò bá wọn jà lórí Máhìn títí lọ; Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, ní ohun tí ó ń fẹ́ ju ìyẹn lọ ní ibòmíràn. Nínú lẹ́tà tí Lọ́ńdọ̀nù àti Berlin kọ sí ara wọn ní oṣù Igbe àti Èbìbí 1885, wọ́n pín òkun Guinea sí méjì, wọ́n fi ààlà sí ibi tí wọ́n pè ní Rio del Rey, Jámánì sì jáwọ́ kúrò ní etí òkun St. Lucia ní ilẹ̀ Súlù lápá gúúsù. Kí ọdún 1885 tó tán, Máhìn ti bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Amapetu tí ó fọwọ́ sí ìwé Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó tún fọwọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí rẹ̀. Èmi kò rí ibi tí a ti lè dá a lẹ́bi. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, agbára méjì tí ó tóbi jù ú lọ ni wọ́n gbé kálàmù kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn sọ Ìjẹ̀bú dà. Ẹ̀yìn 1885, kò sí ibi tí omi iyọ̀ ti kàn án tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì kò sí. Awùjalẹ̀ Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀ ti kú ní ọdún yẹn kan náà, ní Ẹ̀pẹ́ tí ó sá lọ nígbà tí ìlú kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ìlú sì ń bá ara wọn jiyàn bóyá kí ọ̀nà ṣí tàbí kí ó pa. Wọ́n ṣì ń dí ẹnu bodè, wọ́n ṣì ń gba owó, ó sì dà bí ẹni pé agbára wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1891, Denton, adelé Gómìnà Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò gbà á bí ó ti fẹ́, wọn kò sì gba ẹ̀bùn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ka èyí sí ìwọ̀sí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1892, lábẹ́ ìhàlẹ̀, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ Túnwàṣe gbà ní Èkó lọ́dọ̀ Gómìnà Carter pé ọ̀nà yóò ṣí, kí ìjọba máa san £500 lọ́dún dípò owó bodè. Ẹ gbé owó náà wò: gbogbo ohun tí ń mú Ìjẹ̀bú jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n fẹ́ rà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì ní àwáwí tí ó ń wá.

Èbúté wo ni ogun náà gbà wọlé? Ẹ̀pẹ́ ni. Orí ọ̀sà ni wọ́n gbé ọmọ ogun Gold Coast, ti West India àti ti Èkó gbà, lábẹ́ Kánẹ́ẹ̀lì Francis Scott, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Èbìbí 1892, ní ìlú tí àlejò ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún méjìdínlógójì ṣáájú, wọ́n sì bọ́ sí ọ̀nà igbó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n létí odò Yemọjì, nítòsí Ìmágbọ̀n, wọ́n pọ̀ ju àwọn tí ó wá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, wọ́n sì jà bí akọni; ìbọn Maxim ni kò mọ akọni. Ọjọ́ 19 ni ìjà gbóná jù lọ. Ní ọjọ́ 20, Scott wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́yìn ogun, àwọn tí ó ṣẹ́gun gé ilẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Wọ́n fi Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, tí ó jẹ́ èbúté Rẹ́mọ, sí abẹ́ Èkó, wọ́n sì fi Ìjẹ̀bú-Òde sí ìgbèríko. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí 1967, ààlà òyìnbó yẹn ni wọ́n tẹ̀lé, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé 1976, ohun tí ó kù fún Ìjẹ̀bú nínú etí omi rẹ̀ ni ìhà Àbígi, Ìwòpin àti Mákun-Omi, tí a ń pè ní Ogun Waterside nísinsìnyí. Òǹkàwé tí ó bá ti Ẹ̀pẹ́ wá lè bínú sí mi bí mo ti ń ka Ẹ̀pẹ́ mọ́ Ìjẹ̀bú. Mo bẹ̀ ẹ́, ìtàn ni mo ń sọ, n kò wá gba ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìlà tí wọ́n fà ní 1885 kò dúró sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Rio del Rey tí wọ́n fi ṣe ààlà kì í ṣe odò tòótọ́, apá òkun tí ó wọ ilẹ̀ ni, èyí sì mú kí wọ́n tún ààlà náà ṣe léraléra, títí tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913 fi fi ilẹ̀ Bakassi tí ó wà létí ibẹ̀ sí ìhà Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdu 1975, Gowon, olórí Nàìjíríà, àti Ahidjo, olórí Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí ìwé mìíràn ní Maroua láti gbé ààlà orí omi síwájú. Kamẹrúùnù gbé Nàìjíríà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní 1994, ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2002 ilé ẹjọ́ náà sì dá Bakassi fún Kamẹrúùnù, ó gba ìwé Maroua wọlé pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2008 ni a fa ilẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ pátápátá. Àwọn apẹja tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran kò sí nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé 1913, gẹ́gẹ́ bí Awùjalẹ̀ kò ti sí nínú ti 1854. Pẹ̀lú São Tomé, Nàìjíríà gba ọ̀nà tí ó sàn ju ìyẹn lọ: ní oṣù Èrèlé 2001, dípò kí wọ́n máa fa ìlà, wọ́n gbà láti jọ máa ná ibi tí wọ́n ń jiyàn lé, ọgọ́ta fún Nàìjíríà, ogójì fún São Tomé nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú ilé wa náà, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Igbe 2002, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dáhùn ìbéèrè tí ìjọba àpapọ̀ gbé wá pé níbo ni ìpínlẹ̀ etí òkun parí sí nínú omi, nítorí ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún owó epo rọ̀bì tí ó tọ́ sí ìpínlẹ̀ tí epo ti jáde. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, Ògùn sì wà nínú wọn nítorí etí omi Ìjẹ̀bú yẹn. Ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ kò ní ju ibi tí omi fà sẹ́yìn dé nígbà tí ó bá rẹlẹ̀. Àfi èbúté, a kò ní omi. Òfin 2004 tún un ṣe díẹ̀, ó na ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wọ inú òkun dé ibi tí omi jinlẹ̀ tó 200 mítà. Ṣùgbọ́n ìlà tí yóò wọ inú òkun ní láti ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn ará Ògùn àti Oǹdó fi ti ń jiyàn lórí ibi tí ń jẹ́ Ẹ̀bá àti irà tí ó wà láàárín Mákun-Omi àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àfi apẹja àti aláwọ̀n, tí àwọn àgbààgbà ìhà méjèèjì sì ń tú ìwé àtijọ́ wò láti mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí nǹkan níbẹ̀.